Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Ṣọ́ọ̀kì Tuntun fún Mọ́tò Yín, àti Ibi Tí Wáráǹtì Rẹ̀ Mọ

Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ìbéèrè yìí kì í wọlé sí ṣọ́ọ̀bù mi n'Íbàdàn: "Ọ̀gá, wọ́n ní ṣọ́ọ̀kì mi ti kú. Èwo ni kí n rà? Tí ò bá wá dáa ńkọ́, ṣé wọ́n á gbà á padà?" Púpọ̀ nínú àwọn tó ń béèrè ló ti ń wá ra ẹlẹ́ẹ̀kejì láàárín ọdún kan. Owó ṣọ́ọ̀kì kì í ṣe owó kékeré mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún oníbàárà tó bá ní sùúrù láti gbọ́ ọ tán.

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ èyí ṣáájú: ọ̀pọ̀ wáráǹtì ṣọ́ọ̀kì ló ti kú kí mọ́tò tó jáde lọ́wọ́ mẹkáníìkì. Rìsíìtì tí wọn ò kọ nọ́ńbà ọjà sí, páálí tí ọmọṣẹ́ ti fi dáná, ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi púláyà dì mú: lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀, àwọn nǹkan wọ̀nyí ni ẹni tó tà á fún yín máa kọ́kọ́ wò. Nítorí náà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ wáráǹtì sílẹ̀ di ìgbà tí ṣọ́ọ̀kì bá ń jò.

## Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ṣọ́ọ̀kì ló bàjẹ́ lóòótọ́

Ìró "kò-kò-kò" lórí kòtò kéékèèké kì í sábà jẹ́ ti ṣọ́ọ̀kì. Línkéèjì, irin kékeré kan tó so mọ́ ẹsẹ̀ mọ́tò, ló máa ń dún bẹ́ẹ̀ jù, tàbí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, tàbí bọ́ṣíńgì tó ti jẹ, tàbí rọ́bà mọ́ńtìn tó wà lórí ṣọ́ọ̀kì. Línkéèjì ò sì gbówó lórí tó ṣọ́ọ̀kì rárá. Ẹni tó bá lọ ra ṣọ́ọ̀kì méjì nítorí línkéèjì kan, ìró yẹn á tẹ̀ lé e délé.

1. Ẹ gbé mọ́tò sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ igun kan mọ́lẹ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀. Ó yẹ kó gòkè lẹ́ẹ̀kan, kó sì jókòó jẹ́ẹ́. Tó bá ń jó sókè sódò, ṣọ́ọ̀kì igun yẹn ti lọ. Ṣùgbọ́n bí kò bá jó, ẹ má tíì sọ pé ara rẹ̀ le. Èyí tó ti kú pátápátá ni àyẹ̀wò ọwọ́ yìí ń mú, kì í mú èyí tó ń kú lọ.
2. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ara ṣọ́ọ̀kì. Ọ̀rinrin fẹ́ẹ́rẹ́ tí eruku lẹ̀ mọ́ lókè kò túmọ̀ sí pé ó ń jò. Ẹ fi àkísà nù ún mọ́, kẹ́ ẹ wa mọ́tò fún ọ̀sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ tún wò ó. Bí ọ́ìlì bá ti ṣàn wálẹ̀ dé ìdajì ara rẹ̀, ọ́ìlì síìlì, ìyẹn rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́ inú, ti jẹ nìyẹn.
3. Ẹ wo ojú táyà. Ṣọ́ọ̀kì tó ti kú máa ń jẹ́ kí táyà jẹ ní kòtò kòtò, bíi pé ẹnì kan fi ṣíbí bù ú káàkiri. Ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó fọwọ́ pa á, torí wáyà táyà tó ti yọ síta máa ń ya ni lọ́wọ́.
4. Ẹ wà á. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, ṣé imú mọ́tò ń rì mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Bí ẹ bá ya kọ́nà, ṣé ó ń fì? Bí tírélà bá kọjá lára yín ní márosẹ̀, ṣé ẹ ní láti máa tún sítíà tò?
5. Ẹ ní kí mẹkáníìkì fi jáàkì gbé e, kó fi irin mi línkéèjì, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì àti bọ́ṣíńgì lójú yín. Ẹ má ra nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tó fi etí nìkan ṣe àyẹ̀wò.

Àṣìṣe kan wà tó ń dùn mí. Mọ́tò tó ti wọlẹ̀ lẹ́yìn, tí ìdí rẹ̀ ti ń ha ilẹ̀, olówó rẹ̀ á lọ ra ṣọ́ọ̀kì. Sìpírìǹgì ló ń gbé ìwúwo mọ́tò. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì ni pé kó má jẹ́ kí sìpírìǹgì máa jó. Ẹ lè ra ṣọ́ọ̀kì tó dára jù lágbàáyé, mọ́tò tí sìpírìǹgì rẹ̀ ti rẹ̀ ò ní gòkè.

Ilé-iṣẹ́ Monroe, tó ń ṣe ṣọ́ọ̀kì, máa ń gba awakọ̀ níyànjú kí wọ́n yẹ ṣọ́ọ̀kì wò tí mọ́tò bá ti rin 80,000 kìlómítà. Ọ̀nà tiwa kì í ṣe ẹgbẹ́ ọ̀nà wọn. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà kòtò lójoojúmọ́, mo máa ń ní kó jẹ́ ká wò ó ní gbogbo ìgbà tó bá wá pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Kò gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

## Ẹ mọ irú tí mọ́tò yín ń lò kẹ́ ẹ tó dé ọjà

Nǹkan méjì ni gbogbo wa ń pè ní ṣọ́ọ̀kì. Ọ̀kan dá dúró, sìpírìǹgì rẹ̀ sì wà lọ́tọ̀. Èkejì ni èyí tí sìpírìǹgì jókòó lé lórí, tó tún di ẹsẹ̀ mọ́tò mú, èyí tó ń jẹ́ strut lára páálí. Sienna ń lo strut níwájú, ó sì ń lo èyí tó dá dúró lẹ́yìn. Camry "Big Daddy", ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ló jẹ́ strut. Owó wọn kò dọ́gba, iṣẹ́ wọn kò sì dọ́gba: strut gba kí wọ́n fún sìpírìǹgì pọ̀ kó tó jáde, ó sì gba àláímẹ́ǹtì, ìyẹn títún táyà tò kí wọ́n lè gún, lẹ́yìn iṣẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ọ̀tún àti òsì. Strut iwájú ọ̀tún kì í sábà bá òsì mu, torí ibi tí wọ́n ti ń so wáyà àti hóòsì bíréèkì mọ́ ọn yàtọ̀. Lọ́dọ̀ Toyota, nọ́ńbà tiwájú ọ̀tún máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 48510, ti òsì pẹ̀lú 48520. Àwọn nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ló ń sọ irú mọ́tò. Ẹ rántí pé ọ̀tún àti òsì tí à ń sọ ni ti ẹni tó jókòó sídìí sítíà tó kọjú síwájú. Kì í ṣe ti ẹni tó dúró níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo ti rí ẹni tó tìtorí èyí padà sí ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó láti Abẹ́òkúta.

Ẹ má sì sọ "Corolla 2006" lásán kẹ́ ẹ sì rò pé ó ti tó. Corolla tó ti Amẹ́ríkà wá àti èyí tó ti Yúróòpù wá lè ní ọdún kan náà, kí ṣọ́ọ̀kì wọn má bára mu. Nọ́ńbà ṣáàsì ni kì í parọ́. Lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ni, ẹ óò rí i lábẹ́ gíláàsì iwájú ní ẹ̀gbẹ́ òsì, tàbí lára òpó ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀.

Ẹ kó ìwọ̀nyí dání lọ sọ́jà:

- fọ́tò nọ́ńbà ṣáàsì
- fọ́tò nọ́ńbà tó wà lára ṣọ́ọ̀kì àtijọ́, bí kò bá tíì parẹ́
- ẹsẹ̀ tí ẹ fẹ́ ṣe: iwájú ni tàbí ẹ̀yìn
- orúkọ àwọn rọ́bà tí ẹ máa pààrọ̀ pọ̀ mọ́ ọn: mọ́ńtìn, rọ́bà ìdènà tó wà lára ọ̀pá, àti rọ́bà tó ń gba eruku

Méjì-méjì ni à ń pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì, tiwájú méjèèjì tàbí tẹ̀yìn méjèèjì. Bí ẹ bá fi tuntun sí ọ̀tún tí ẹ fi èyí tó ti rẹ̀ sílẹ̀ lósì, mọ́tò á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹ bá tẹ bíréèkì gbígbóná. Mo mọ̀ pé owó ni. Bí owó ò bá tó mẹ́rin, ẹ ṣe iwájú tàbí ẹ̀yìn lákọ̀ọ́kọ́, ìyẹn èyí tó burú jù.

## Tuntun, tòkunbọ̀, àbí èyí tí wọ́n tún rọ?

Tuntun. KYB àti Tokico ti Jàpáàn, Monroe ti Amẹ́ríkà, Sachs àti Bilstein ti Jámánì: ojúlówó gbogbo wọn dára. Wàhálà ibẹ̀ ni pé orúkọ tó bá lókìkí ni àwọn oníbàjẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ayédèrú. Ṣọ́ọ̀kì tí ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀, tí olùtajà rẹ̀ kọ wáráǹtì sílẹ̀ fún yín, sàn ju "KYB" tí ẹnikẹ́ni ò lè dúró fún lọ.

Wọ́n á bi yín bóyá onígáàsì tàbí ọlọ́ìlì lẹ fẹ́. Ọ́ìlì wà nínú méjèèjì. Onígáàsì ní náítírójìnì nínú, tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì yẹn máa hó ìfófòó. Lórí ọ̀nà tó burú, ṣọ́ọ̀kì máa ń gbóná, ọ́ìlì inú rẹ̀ á hó, ìgbà yẹn lẹ óò rí i tí mọ́tò á dédé máa jó lẹ́yìn ìrìn wákàtí kan. Ní tèmi, onígáàsì ni kẹ́ ẹ rà. Ó máa ń le díẹ̀ lábẹ́ ìdí, ẹ máa mọ́ ọn lára.

Tòkunbọ̀, tí àwọn ará ọjà ń pè ní "Belgium". Òmíràn wà nínú rẹ̀ tó ṣì dára gan-an, torí ọ̀nà dídán ló ti rìn kó tó dé. Ṣùgbọ́n ẹ ò mọ iye kìlómítà tó ti rìn, wáráǹtì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é sì ti parí. Ohun tí ẹ óò rí gbà kò ju "ẹ lọ dán an wò" lọ.

Èyí tí wọ́n tún rọ. Àwọn kan máa ń lu ihò sára ṣọ́ọ̀kì tó ti jò, wọ́n á rọ ọ́ìlì sí i, wọ́n á sì fi iná wẹ́dà jó ihò náà pa. Ẹ má ṣe é. Ọ́ìlì síìlì tó jẹ́ kó jò lákọ̀ọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀, wọn ò mọ ìwọ̀n ọ́ìlì tó yẹ, gáàsì rẹ̀ sì ti lọ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, iná wẹ́dà lára agolo tí gáàsì ṣì wà nínú rẹ̀ lè bú gbàù sójú ẹni tó ń jó o.

## Bí ẹ ṣe máa dán an wò níwájú oníṣọ́ọ̀bù

Fún tuntun, ẹ fi nọ́ńbà ara páálí wé nọ́ńbà ara ṣọ́ọ̀kì. Wọ́n gbọ́dọ̀ dọ́gba lẹ́tà sí lẹ́tà. Ẹ wo ojú ibi tí wọ́n jó: ti ojúlówó máa ń gún, ó sì máa ń dọ́gba yípo. Ẹ ka ọ̀rọ̀ ara páálí, torí ayédèrú a máa ṣi lẹ́tà kọ. Bó bá jẹ́ onígáàsì, ẹ tẹ ọ̀pá rẹ̀ wọlé tán, kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ rọra jáde fúnra rẹ̀. Ọlọ́ìlì lásán máa dúró síbi tí ẹ tẹ̀ ẹ́ dé, ìyẹn kì í ṣe àbùkù. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n kọ "gas" sí lára tó wá dúró gbọin síbẹ̀, ẹ dá a padà.

Fún tòkunbọ̀, ẹ fara balẹ̀ jù báyìí lọ:

1. Ẹ gbé e dúró bó ṣe máa wà lára mọ́tò, ọ̀pá sókè.
2. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé, kẹ́ ẹ fà á jáde, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ìgbà méjì àkọ́kọ́ lè rọ̀, torí ó ti wà ní dídùbúlẹ̀. Lẹ́yìn náà, agbára rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá kan ibi tó ṣófo, tí ọ̀pá bọ́ sílẹ̀ lójijì, ẹ gbé e sílẹ̀.
3. Ẹ fi èékánná fa ara ọ̀pá dídán náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí èékánná bá kọ́ nǹkan, ìbáà ṣe ìpáta tàbí ojú ibi tó ha díẹ̀, ibẹ̀ ló máa gé ọ́ìlì síìlì.
4. Ẹ yí ọ̀pá rẹ̀, kẹ́ ẹ máa wò ó bóyá ó tẹ̀.
5. Ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀.

Ẹ má fojú kékeré wo ti ìkarùn-ún yẹn. Mo bá oníbàárà kan lọ sí ọjà Gate n'Íbàdàn lọ́jọ́ kan láti ra ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn Camry. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù gbé méjì wá, wọ́n ń dán bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí. Mo gbé ọ̀kan súnmọ́ imú, bẹntiróòlù ló ń rùn. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo tẹ méjèèjì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, mo nù wọ́n, mo gbé wọn dúró sórí káńtà, a sì lọ jẹ àmàlà. Nígbà tí a padà dé, òrùka ọ́ìlì dúdú tín-ín-rín kan ti yí ìdí ọ̀pá ọ̀kan ká. Ìkejì gbẹ. Bẹntiróòlù yẹn ni wọ́n fi fọ ọ́ìlì tó ń jò kúrò lára rẹ̀ kí a tó dé. Tí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ fún un ní àkókò kó fi ara rẹ̀ hàn.

## Wáráǹtì: ìlérí mẹ́ta ni, ẹni mẹ́ta ló sì ń ṣe é

Ibí yìí ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, torí náà ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Ìlérí kìíní ni ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe ṣọ́ọ̀kì. Ohun tó ń dáhùn fún ni àbùkù tó ti ọwọ́ wọn wá: ọ́ìlì síìlì tí kò dúró, ojú ìjó tó já, ọ̀pá tí wọn ò dán dáadáa. Kì í dáhùn fún àárẹ̀ tó bá ṣọ́ọ̀kì torí pé ó ti ṣiṣẹ́ pẹ́. Kì í dáhùn fún ọ̀pá tó tẹ̀ nínú kòtò, jàǹbá, ẹrù àpọ̀jù, sìpírìǹgì tí wọ́n gé, tàbí ìdè tí wọ́n dè é ní ìdèkúdè.

Lára páálí KYB tàbí Monroe tó wá láti Amẹ́ríkà, ẹ lè rí "limited lifetime warranty", ìyẹn wáráǹtì ayérayé tó ní ààlà. Gbogbo ènìyàn ló ń ka "lifetime", wọ́n á fo "limited" dá. Ohun tó sábà túmọ̀ sí nìyí: ẹni àkọ́kọ́ tó rà á nìkan ló ni ín, níwọ̀n ìgbà tí mọ́tò yẹn bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ta mọ́tò, ó parí. Wọ́n á fún yín ní ṣọ́ọ̀kì mìíràn, wọn ò ní san owó iṣẹ́ mẹkáníìkì, owó àláímẹ́ǹtì tàbí owó ọkọ̀ tí ẹ wọ̀. Mọ́tò tí wọ́n fi ń ṣòwò kì í sì sí nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Micra gbé èrò láti Dùgbẹ̀ sí Mọ́kọ́lá, àti ẹ̀yin tí ẹ ń fi Corolla ṣe kábúkábú orí fóònù, ẹ bi olùtajà ní tààràtà: "Mọ́tò tó ń ṣiṣẹ́ ni, ṣé wáráǹtì yín kàn án?" Ẹ má fi pamọ́ fún un, torí ó máa hàn lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e padà wá.

Ilẹ̀ tí wọ́n ti tà á ni wáráǹtì náà sábà mọ. Bí ọmọ yín bá rà á ní Houston tó fi sínú bárẹ́ẹ̀lì ránṣẹ́, ọmọ yín ni ilé-iṣẹ́ mọ̀ gẹ́gẹ́ bí oníbàárà, Amẹ́ríkà ni wọ́n sì fẹ́ kó ti gbé e padà. Bó bá jẹ́ London ni, òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti ọdún 2015 fún ẹni tó rà á ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti dá ọjà tó ní àbùkù padà gba owó rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àtúnṣe tàbí pàṣípààrọ̀ ló kọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ sí. Ẹ ronú iye ọ̀sẹ̀ tí kọ̀ntéínà ń lò lórí omi: ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn lè tán kí ẹ tó rí páálí. Ẹ ní kí ọmọ náà já páálí níbẹ̀, kó fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà, kó ya fọ́tò, kó tó dì í sínú ẹrù.

Ìlérí kejì ni ti ẹni tó tà á. Òun ni ìlérí tí ọwọ́ yín lè tó jù, òun náà sì ni wọ́n ń fi ẹnu lásán ṣe jù. "Ẹ lọ dán an wò, tó bá ṣe nǹkan ẹ gbé e wá." Ọjọ́ mélòó? Kí ni "nǹkan" yẹn? Pàṣípààrọ̀ ni àbí owó? Ẹ bi í kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí àpò:

- Ọjọ́ tàbí oṣù mélòó ni? Ṣé láti ọjọ́ tí mo rà á ni, àbí láti ọjọ́ tí wọ́n dè é?
- Bó bá jò, ṣé ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀, tàbí ẹ máa dá owó padà?
- Bí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀, ṣé wáráǹtì tuntun ni yóò ní, àbí ìyókù ti àkọ́kọ́? Ìyókù ló sábà máa ń jẹ́.
- Ṣé ó di dandan kí mẹkáníìkì yín ló dè é?

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kọ ọ́. Bí rìsíìtì tó dára ṣe máa ń kà rèé: "Strut iwájú Corolla 2006, ọ̀tún àti òsì, nọ́ńbà báyìí-báyìí, tuntun. Wáráǹtì oṣù mẹ́ta sí jíjò ọ́ìlì láti ọjọ́ tí a rà á. Pàṣípààrọ̀ tàbí owó padà." Orúkọ ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́, ìbuwọ́lùwé. "Shock 2 pcs" lásán kò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Bó bá kọ̀ láti kọ "tuntun" sórí rìsíìtì ọjà tó ń tà bíi tuntun, ẹ ti rí ìdáhùn yín gbà nìyẹn.

Ẹ ó rí i lára rìsíìtì púpọ̀ pé ọjà tí wọ́n bá ti tà, wọn kì í gbà á padà. Kí ìyẹn má bà yín lẹ́rù. Òfin ọdún 2018 tó dá FCCPC sílẹ̀, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó péye tó sì ṣeé lò, gbólóhùn orí rìsíìtì ò sì lè pa ẹ̀tọ́ yẹn rẹ́. Ohun tí òfin ò lè ṣe fún yín ni pé kó mọ irú ọjà tí ẹ rà, bí rìsíìtì yín ò bá sọ ọ́.

Ìlérí kẹta ni ti mẹkáníìkì tó dè é. Ẹni yìí ni gbogbo ènìyàn máa ń gbàgbé. Bó bá ṣe pé ìdè rẹ̀ ló bà á jẹ́, òun ló yẹ kó san án. Kí ẹ̀yin àti òun ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kí ó sì kọ ọjọ́ tó dè é àti iye kìlómítà tó wà lára dáṣíbọ́ọ̀dù sẹ́yìn rìsíìtì.

## Ìdè tí kò ní pa wáráǹtì

Ẹ dúró tì í nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é. Mo ń sọ ọ́ nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi gan-an. Oníbàárà mi kan ra strut Corolla méjì, tuntun, ọjà tó dára. Ọmọṣẹ́ mi ló ń dè é, èmi sì wà lábẹ́ mọ́tò mìíràn. Nọ́ọ̀tì orí rẹ̀ ń yí pẹ̀lú ọ̀pá, ó bá fi púláyà di ọ̀pá náà mú. Oṣù kan kò pé tí èyí tọ̀tún ti ń jò. A gbé e padà lọ, olùtajà fa rọ́bà eruku sókè, ó ní kí n wá wò. Ojú eyín púláyà ló tò sára ọ̀pá dídán yẹn, mẹ́rin lápá kan, mẹ́rin lápá kejì. Kò sí ohun tí mo lè sọ. Èmi ni mo ra òmíràn fún oníbàárà náà. Láti ọjọ́ yẹn, èmi fúnra mi ló ń de nọ́ọ̀tì òkè.

1. Kí ṣọ́ọ̀kì tó wọ mọ́tò, ẹ gbé e dúró, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé fà á jáde lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bó ti ń dùbúlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, afẹ́fẹ́ ti wọ ibi tí kò yẹ nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe èyí á gbọ́ ìró lọ́jọ́ kìíní, á sì rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun.
2. Irin tó ń fún sìpírìǹgì pọ̀ ni kí wọ́n lò fún strut. Kí ẹnikẹ́ni má tú nọ́ọ̀tì òkè nígbà tí sìpírìǹgì ṣì ń ti. Agbára tó wà níbẹ̀ lè fọ́ àgbọ̀n ènìyàn. Kí wọ́n má fi okùn tàbí wáyà so ó.
3. Kọ́kọ́rọ́ kékeré ni wọ́n fi ń di orí ọ̀pá mú, sípánà ni wọ́n á fi de nọ́ọ̀tì. Kò gbọdọ̀ sí púláyà, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ sí ẹ̀rọ ìdenọ́ọ̀tì oníná tó ń yí ọ̀pá wìnwìn.
4. Kí wọ́n fi rọ́bà ìdènà àti rọ́bà eruku tuntun sí i. Bí rọ́bà eruku bá ti ya, yanrìn á máa bá ọ̀pá wọlé. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń tìtorí èyí sọ pé wáráǹtì ò kàn án.
5. Bóòtù tó bá gba inú rọ́bà kọjá, kí wọ́n má dè é le tán títí táyà yóò fi kan ilẹ̀. Bí wọ́n bá dè é le nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì ń rọ̀ sílẹ̀ lórí jáàkì, rọ́bà náà á lọ́ pọ̀, á sì ya láìpẹ́.
6. Lẹ́yìn strut, ẹ lọ ṣe àláímẹ́ǹtì, kẹ́ ẹ sì gba ìwé rẹ̀.

Ẹ kó páálí, rìsíìtì àti ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ lọ sílé. Ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ wúlò: ẹ óò lè fi nọ́ńbà rẹ̀ hàn bí iyàn bá wáyé pé ẹ ra èyí tí kò bá mọ́tò yín mu.

## Bó bá bàjẹ́ kí ọjọ́ tó pé

1. Ẹ ya fídíò àti fọ́tò rẹ̀ nígbà tó ṣì wà lára mọ́tò. Kí nọ́ńbà mọ́tò, kìlómítà àti ibi tí ọ́ìlì ti ń jò hàn.
2. Ẹ pe olùtajà lọ́jọ́ yẹn, kẹ́ ẹ sì fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp kí ọjọ́ rẹ̀ lè wà ní àkọsílẹ̀. Ẹni tó bá fi ṣọ́ọ̀kì tó ń jò rìn fún oṣù méjì sí i, ó ṣòro kó jàre.
3. Ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì ṣí i, kó fọ̀ ọ́, tàbí kó fi òòlù lù ú nígbà tó bá ń yọ ọ́.
4. Ẹ gbé ṣọ́ọ̀kì, páálí, rìsíìtì àti ìwé àláímẹ́ǹtì lọ pọ̀. Bó bá ṣeé ṣe, kí mẹkáníìkì tó dè é bá yín lọ.
5. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ fún àyẹ̀wò, ẹ bèèrè ọjọ́ tí èsì máa dé. Bí mọ́tò ò bá lè dúró, ẹ lè ra òmíràn kẹ́ ẹ tọ́jú rìsíìtì rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ní in lọ́kàn pé wọ́n máa san owó ìyẹn.

Bí olùtajà bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí i, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ àti ọjọ́ tí ẹ fún un. Nínú ọjà tó ní ẹgbẹ́ oníspíà páàtì, ẹ lọ bá olóyè ẹgbẹ́. Mo ti rí i tí wọ́n parí ọ̀rọ̀ báyìí ní ọ̀sán kan, láìsí agbẹjọ́rò. Bí ìyẹn ò bá ṣiṣẹ́, FCCPC ń gba ẹjọ́ oníbàárà lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti ní ọ́fíìsì wọn, ìpínlẹ̀ Èkó náà sì ní LASCOPA, àjọ tiwọn tó ń gbèjà oníbàárà. Ẹ̀dà rìsíìtì àti fọ́tò ni kẹ́ ẹ fún wọn, kí ojúlówó wà lọ́wọ́ yín. Ní ti ṣọ́ọ̀kì tó bàjẹ́ gan-an, ẹ má fi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù olùtajà láìjẹ́ pé ó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun gbà á, pẹ̀lú nọ́ńbà ara rẹ̀ àti ọjọ́ tó gbà á.